Ọwọ́ Tí Mo Nà Sókè Lórí Àga Dókítà Eyín

Wọ́n gbẹ́ eyín mi nígbà tí ẹnu mi kò tíì kú, mo nawọ́ sókè pé kí wọ́n dúró, wọ́n sì kọ ọ́ sínú ìwé pé mo lu dókítà.

Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé ìyá mi ní Ìlàré, ní Ilé-Ifẹ̀, ni mo jókòó sí tí mo ń kọ èyí. Ìsinmi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo gbà wálé láti ìlú òyìnbó, ó ku ọjọ́ mẹ́rin kí n padà. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti kọ ọ̀rọ̀ yìí ní Gẹ̀ẹ́sì ránṣẹ́ sí àwọn tó yẹ kó dáhùn. Wọn ò fèsì. Ní báyìí mo fẹ́ kọ ọ́ ní èdè tí mo fi ń sunkún, kí àwọn ènìyàn mi kà á, kí wọ́n sì bá mi wò ó bóyá èmi ni mo jẹ̀bi.

Ìtàn ni mo kà ní yunifásítì níbí. Mo ti gbàgbé púpọ̀ nínú ohun tí wọ́n kọ́ wa, ṣùgbọ́n mi ò gbàgbé èyí: ìwé tí ẹnì kan kọ ní ọjọ́ tí nǹkan ṣẹlẹ̀ ni àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn yóò gbàgbọ́, bí irọ́ tilẹ̀ wà nínú rẹ̀. Ẹni tí kò bá kọ tirẹ̀ ti jẹ̀bi. Nítorí náà n ó tò ó bó ṣe ṣẹlẹ̀, n ó sì sọ ibi tí èmi náà ti ṣì í ṣe.

Ọdún mẹ́rin sẹ́yìn ni mo lọ. Àwọn tó ṣáájú mi lọ ti sọ̀rọ̀ òtútù títí ó fi sú mi, nítorí náà òtútù kò bá mi lójijì. Ohun tó bá mi lójijì ni orúkọ. Ilé tí wọ́n ti ń tọ́jú àwọn arúgbó ni mo ti ríṣẹ́. Ní ọjọ́ kìíní, ọ̀gá wa, tí mo fi ọdún bíi mẹ́wàá jù lọ, mú mi lọ sọ́dọ̀ ìyá arúgbó kan tó ti lé ní àádọ́rùn-ún ọdún. Ó ní Mọ́líìnì ni orúkọ rẹ̀, kí n máa pè é bẹ́ẹ̀. Mo lanu, orúkọ náà kò jáde. Ìyá tó bí ìyá mi kò dàgbà tó obìnrin yìí kó tó kú. Mo wá fi "Màámi" ṣáájú rẹ̀. Ó béèrè ohun tí ìyẹn jẹ́, mo sọ fún un. Ó wò mí títí, ó ní ọkùnrin méjì lòun bí, Kérésì nìkan ni wọ́n ń yọjú, òun ò tètè mọ̀ pé òun ní ẹ̀kẹta ní Áfíríkà.

Ó ní, "Ó dáa bẹ́ẹ̀, ọmọ mi. Wá bá mi fọ eyín mi."

Eyín rẹ̀ wà nínú ife lórí tábìlì.

Bí mo ṣe di ẹni tó ń fọ eyín kiri nìyẹn. Láràárọ̀, mo ń fọ eyín àtọwọ́dá ènìyàn mẹ́sàn-án, mo sì ń fi búrọ́ọ̀ṣì fọ ti àwọn tí tiwọn ṣì wà lẹ́nu. Ní gbogbo àkókò yẹn, ihò ti wà nínú eyín tèmi, èyí tó wà nínú lọ́hùn-ún lókè, tí mo fi ń rún ẹran. Omi tútù kàn án, mo fò. Tíì gbígbóná kàn án, mo fò. Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni.

Ta ni mo tiẹ̀ fẹ́ sọ fún? Ní ibi tí a ti ń wọ bọ́ọ̀sì, mo kí ọkùnrin kan káàárọ̀ ní oṣù tí mo dé, ó bojú wẹ̀yìn láti wo ẹni tí mo ń kí. Ọjọ́ Sunday ló le jù. Mo lè jí ní aago méje kí n má gbọ́ ohùn ara mi títí di ọ̀sán, àyàfi tí mo bá bá ìkòkò ọbẹ̀ wí. Ọ̀sán náà ni mo máa ń pe ìyá mi, nígbà tó bá ti ṣọ́ọ̀ṣì dé.

Òun ló kọ́kọ́ mọ̀. A ń sọ̀rọ̀ nípa òrùlé ilé tó ń jò, ó dá mi dúró.

"Ẹ̀gbẹ́ ẹnu kan lo fi ń bá mi sọ̀rọ̀. Kí ló ṣe ìkejì?"

Mo ní kò sí nǹkan. Ó ní òun ló bí ẹnu náà. Ó ní kí n fi iyọ̀ sómi gbígbóná, kí n fi kànáfùrù sínú ihò náà, kí n sì lọ sọ́dọ̀ dókítà eyín, àbí wọn ò ní eyín níbẹ̀ ni? Mo ra kànáfùrù ní ṣọ́ọ̀bù àwọn ará Íńdíà. Ó pa ìrora náà lẹ́nu mọ́ fún ìgbà díẹ̀. Dókítà ni mi ò lọ rí. Oṣù mẹ́fà ni mo fi sá fún un.

Mo mọ ohun tí mò ń sá fún. Ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, wọ́n fa eyín mi kan yọ ní Ìlàré níbí. Nọ́ọ̀sì àtijọ́ kan tó ń ta òògùn ló fà á, àbúrò ìyá mi di orí mi mú, ó ní ọmọ tó bá gbóyà kì í ké. Mi ò ké. Wọ́n yìn mí kárí àdúgbò, wọ́n ra ẹ̀pà fún mi tí mi ò lè jẹ. Láti ọjọ́ náà, bí nǹkan bá ti fara kan eyín mi, ara mi á le bí igi, ẹnu mi á sì dákẹ́. Ẹ̀rù tèmi kò láriwo. Ẹni tó bá ń wò mí á rò pé ara mi balẹ̀.

Nígbà tí mo wá lọ, mo lọ bí ọ̀mọ̀wé. Mo kọ fọ́ọ̀mù wọn láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ìbéèrè kan wà níbẹ̀ pé ṣé ẹ̀rù ìtọ́jú eyín máa ń ba ènìyàn. Mo fàmì sí "gan-an ni". Ibi tí wọ́n fi sílẹ̀ lábẹ́ rẹ̀, mo kọ ọ́ síbẹ̀ pé ara mi máa ń le, n kì í lè sọ̀rọ̀, kí wọ́n jọ̀ọ́ máa rọra. Mo ní ẹ̀dà fọ́ọ̀mù náà. Dókítà tó dá mi lóhùn kò mú un lọ́wọ́. Kò béèrè nǹkan kan nínú ohun tó wà níbẹ̀.

Obìnrin ni, irun rẹ̀ funfun, yóò tó ìyá mi lọ́jọ́ orí. Orúnkún mi tẹ̀ díẹ̀ láti kí i kí n tó mọ̀. Ó rẹ́rìn-ín, ó fi àga hàn mí. Ó ṣàlàyé pé òun yóò gún mi ní abẹ́rẹ́, òun yóò gbẹ́ ibi tó ti jẹrà, òun yóò sì dí i. Ó wá ní bó bá dùn mí, kí n na ọwọ́ òsì sókè, òun yóò dúró.

Mo gbọ́ ọ dáadáa. N kò ní purọ́ pé mi ò gbọ́. Mo ní ó dáa.

Aago wà lára ògiri níwájú mi. Aago mẹ́wàá kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá ló gún abẹ́rẹ́. Nígbà tó fi máa di ìṣẹ́jú mẹ́tàlá, ẹ̀rọ náà ti wà lẹ́nu mi. Ètè mi ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wú ni. Kò fọwọ́ kan erìgì mi kó béèrè bóyá mo mọ̀ ọ́n lára. Ẹ̀rọ náà dún, ó wọlé, mo sì mọ gbogbo rẹ̀. Bí ẹni fi abẹ́rẹ́ gbígbóná wá ọ̀nà ojú mi láti inú eyín. Mo fi ọ̀fun sọ pé ó ń dùn mí. Ó dáhùn pé kò lè dùn mí, pé títẹ̀ lásán ni mò ń mọ̀, ó ń gbẹ́ ẹ lọ.

Ibi tí mo ti ṣì í ṣe nìyí. Ọwọ́ òsì mi gbéra, ó dé àyà mi, mo sì fà á padà. Kì í ṣe pé mo rò ó. Bí ẹ bá tọ́ ọmọ dàgbà ní Ìlàré, ẹ mọ ohun tí mò ń sọ. A kì í fi òsì júwe ilé bàbá ẹni, ká má tiẹ̀ sọ ká nà án sí ojú àgbàlagbà tó ń ṣe ènìyàn lóore. Nínú ìrora yẹn, gbogbo Gẹ̀ẹ́sì tí mo mọ̀ ti sá lọ, ẹ̀kọ́ ilé nìkan ló kù sí mi lára. Mo na ọ̀tún.

Apá ọ̀tún ni dókítà dúró sí. Ìgúnpá rẹ̀ ni ọwọ́ mi bá. Ẹ̀rọ náà yẹ̀, ó ha mí nínú ẹ̀rẹ̀kẹ́, ẹ̀jẹ̀ jáde. Ọmọbìnrin tó ń fa itọ́ lẹ́nu mi ló pariwo pé mo lu dókítà. Dókítà fà sẹ́yìn. Mo fẹ́ ṣàlàyé, ìgbà yẹn gan-an ni abẹ́rẹ́ náà wá ráyè ṣiṣẹ́ rẹ̀: ètè mi kú pátá, ohun tó ń jáde kì í ṣe Gẹ̀ẹ́sì, kì í ṣe Yorùbá. Wọ́n fi nǹkan funfun kan dí ihò náà fún ìgbà díẹ̀, wọ́n ní kí n máa lọ sílé.

Lẹ́tà dé lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́jọ. Ó ní "aláìsàn náà na ọwọ́ lu dókítà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé a ti ṣàlàyé àmì tó yẹ kó lò fún un." Ó ní wọ́n ti yọ orúkọ mi kúrò, kí n má padà wá. Kò sí abẹ́rẹ́ nínú lẹ́tà náà. Kò sí ìṣẹ́jú mẹ́ta. Kò sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi. Fọ́ọ̀mù tí mo kọ kò sí níbẹ̀ rárá.

Mo pe ìyá mi. Ó gbọ́ ọ títí dé òpin, ó kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín.

"Ó dùn ọ́, o wá fi ọ̀tún gbá ìyá àgbà. Ìyẹn ló wá dáa ju òsì lọ?"

Mo ní mi ò gbá a. Ẹ̀rín náà tán. Ó bi mí ẹni tó jẹ́rìí sí i, mo ní àwọn méjì, tiwọn ni àwọn méjèèjì. Mo ń gbọ́ adìyẹ lẹ́yìn rẹ̀. Ó wá ní, "Kọ ọ́. Ṣebí torí ẹ̀ la ṣe rán ọ níwèé." Ìgbà yẹn ni mo kọ lẹ́tà àkọ́kọ́.

Ìbá jẹ́ ọ̀rọ̀ eyín nìkan, n bá fi kànáfùrù bá a yí. Ṣùgbọ́n níbi iṣẹ́ wa, ọdọọdún ni a ń kọ fọ́ọ̀mù kan, ó sì ń béèrè bóyá wọ́n ti fi ẹ̀sùn ìwà ipá kan ènìyàn níbikíbi. Ẹnì kan tó wá láti Ìbàdàn, tí a jọ ń ṣiṣẹ́, ní kí n kọ "rárá", ta ni yóò mọ̀? Mo kọ "bẹ́ẹ̀ ni", mo so lẹ́tà wọn mọ́ àlàyé tèmi. Ọ̀gá wa kà á, ojú rẹ̀ yí. Ó ní òun mọ̀ mí, òun gbà mí gbọ́, ṣùgbọ́n ìwé ni ìwé; a kò lè fi arúgbó sọ́wọ́ ẹni tí ìwé sọ pé ó lu obìnrin tó ti dàgbà. Ó gbé mi lọ sí ibi tí wọ́n ti ń fọ aṣọ títí wọn yóò fi yẹ ọ̀rọ̀ náà wò. Oṣù kẹta rèé.

Wọ́n ní Màámi Mọ́líìnì kì í jẹ́ kí ẹlòmíràn bá òun fọ eyín. Ó ní òun ń dúró de ọmọ òun. Ìsàlẹ̀ ilé ni ẹ̀rọ ìfọṣọ wà, mo máa ń gbọ́ ọ̀pá tí Màámi fi ń rìn lókè orí mi.

Bí mo ṣe dé Ifẹ̀, mo rò pé ibí ni n ó ti sinmi kí n má ṣàlàyé ara mi fún ẹnikẹ́ni. Ní ọjọ́ kejì, mo lọ ra tòmátì ní Sábó. Mo ti gbé báàgì sí ọ̀tún, mo sì na owó sí obìnrin tó ń tà á. Kò gbà á. Ó ká ọwọ́ rẹ̀ mọ́ àyà, ó wò mí láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó béèrè bóyá òun ló yẹ kí n máa na òsì sí láàárọ̀ kùtùkùtù. Ọmọ Ilé-Ifẹ̀ ni mí, ojú tì mí láàárín àwọn agbọ̀n tòmátì yẹn. Ọdún mẹ́rin ni mo ti ń fi ọwọ́ tó bá ṣófo sanwó ní ṣọ́ọ̀bù wọn lọ́hùn-ún, tí ẹnikẹ́ni kò kà á sí. Òsì tí mo kọ̀ láti nà nígbà tí ìrora fẹ́ pa mí, òun ni mo nà sí alátòmátì láìmọ̀. Mi ò mọ ohun tí ìyẹn sọ mí dà. Mo mọ̀ pé alátòmátì bínú, ó bá mi wí, mo bẹ̀ ẹ́, ó fi ẹyọ méjì ṣe ènì fún mi. Ìṣẹ́jú kan ni gbogbo rẹ̀ gbà. Kò kọ ọ́ sílẹ̀ níbìkankan.

Ìyá mi ló mú mi lọ sí ilé ìwòsàn eyín níbí. Kí wọ́n tó pè mí, ó ti ro ẹjọ́ mi fún gbogbo àwọn tó jókòó, bàbá kan sì ti dá òyìnbó lẹ́bi tán. Dókítà náà ọ̀dọ́mọbìnrin ni, kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún. Kò gbé ẹ̀rọ kankan. Ó fa àga kékeré, ó jókòó síwájú mi.

"Ẹ̀gbọ́n, kí ló ń bà yín lẹ́rù jù, ṣé abẹ́rẹ́ ni àbí ẹ̀rọ?"

Mo ronú sí i. Mo ní, "Kí n ní kó dúró, kó má dúró."

Ó ní ìyẹn kò le. Ó sọ fún mi pé bí wọ́n ṣe kọ́ àwọn náà níléèwé nìyẹn, kí aláìsàn na ọwọ́ òsì, nítorí ọ̀tún ni dókítà máa ń wà. Oṣù kìíní tóun bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, bàbá àgbẹ̀ kan jókòó sórí àga yìí, òógùn bò ó, kò mira. Nígbà tóun dí eyín náà tán, bàbá ní ó dùn òun dé egungun, ṣùgbọ́n òun ò lè na òsì sí ẹni tó ń wo òun sàn. Láti ọjọ́ náà, ó ní, òun ti pa ọ̀rọ̀ ọwọ́ nínà tì. Ìka ni kí ènìyàn fi kan apá àga, ìka ọwọ́ yòówù.

Ó gún abẹ́rẹ́, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í bi mí léèrè ọ̀rọ̀ nípa iṣẹ́ mi. Mo ń wo aago. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá kọjá. Ó fi irin tín-ín-rín kan tẹ erìgì mi, ó béèrè ohun tí mo mọ̀. Mo ní mo ṣì mọ̀ ọ́n díẹ̀. Ó fi abẹ́rẹ́ kún un, a tún dúró. Ó ní kí n máa fi imú mí, kí n má di ẹsẹ̀ pọ̀, kí n máa mi ọmọ ìka ẹsẹ̀ nínú bàtà, nítorí ara kì í lè le bí igi bí ọmọ ìka ẹsẹ̀ bá ń ṣeré. Ó ní òun yóò máa kà á, bóun bá ti ka àrún, òun yóò dúró, ì báà dùn mí, ì báà má dùn mí.

Ení, èjì, ẹ̀ta, ẹ̀rin, àrún. Ó dúró. Mo mí. Ó tún bẹ̀rẹ̀.

Ní ẹ̀ẹ̀kẹta, nígbà tó ka èjì, mo fi ìka kan apá àga. Kò dùn mí. Mo fẹ́ mọ̀ bóyá yóò dúró ni. Ẹ̀rọ náà dákẹ́ kí ìka mi tó kúrò lára àga. Kò bi mí pé kí ló dé. Ó kàn gbé ọwọ́ kúrò lẹ́nu mi, ó ń dúró dè mí. Omi bọ́ lójú mi méjèèjì, ó ń ṣàn sínú etí mi. Ó fi aṣọ nù ún, ó ní kí n má kánjú. Mo ṣẹ́jú sí i pé kó máa bá a lọ. A sì parí rẹ̀. Ní alẹ́ ọjọ́ kejì, mo fi ẹ̀gbẹ́ ẹnu méjèèjì jẹ ẹran.

Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ ni ilé ìwòsàn tó lé mi, mo ti mọ̀ báyìí pé ohun tí mo béèrè kò ṣòro. Ọ̀dọ́mọbìnrin kan ń ṣe é ní Ifẹ̀ lójoojúmọ́ láìpariwo. Mo ti jẹ́wọ́ ti ọwọ́ mi. Ó ku ti ẹnu yín. Ta ló ka fọ́ọ̀mù mi kí n tó gun orí àga náà? Kí ló dé tí ẹ fi bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́ta, kí ló sì dé tí ẹ kò fi dán an wò bóyá ẹnu mi ti kú? Ta ló kọ ọ̀rọ̀ náà pé mo lu dókítà, ṣé ẹni tó dúró tì mí ni àbí ẹni tó jókòó sí ọ́fíìsì? Níbo ni ẹ kọ ti ẹ̀jẹ̀ ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi sí? Ẹ pa gbólóhùn yẹn rẹ́ kúrò nínú ìwé yín, kí ẹ sì kọ̀wé sí ibi iṣẹ́ mi pé ẹ ti pa á rẹ́.

Èyí tó kù, dókítà fúnra rẹ̀ ni mo fẹ́ kó dá mi lóhùn, kì í ṣe akọ̀wé. Màámi, nígbà tí mo sọ fún yín pé ó ń dùn mí, tí ẹ sì ní kò lè dùn mí, ṣé ẹ gbọ́ mi ni, àbí ẹ kò gbọ́?